Iná Kérésìmesì tó ń bá orin jó lórí ilé: òpin okùn ń pọ́n, iná àti orin ò sì bára mu

AráAkóbọ̀ (ìbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Iwájú ilé kan ní Akóbọ̀ ni mo fẹ́ ta iná Kérésìmesì sí, irú èyí tó máa ń jó bí orin bá ṣe ń lọ, kì í ṣe èyí tó kàn ń ṣẹ́jú. Ilé ilẹ̀ ni. Etí òrùlé gùn tó mítà 14, òrùlé ṣóńṣó kan wà lókè ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 4, fèrèsé ńlá méjì sì wà níwájú.

Ohun tó wà nílẹ̀: okùn iná WS2811 oní-12V mẹ́fà, pixel (gílóòbù kékeré tó ń dá gba àṣẹ tirẹ̀) 50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ESP32 (pátákó kékeré tó ń darí iná) kan tí WLED (ètò tó ń pàṣẹ fún pixel) ti wà lórí rẹ̀, power supply (ẹ̀rọ tó ń sọ iná 220V di 12V) 12V 30A kan, ráútà kékeré, láptọ́ọ̀pù tí xLights (ètò tí a fi ń to iná mọ́ orin) wà lórí rẹ̀, àti sípíkà Bluetooth.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo so mọ́ra, ẹnu kan ṣoṣo ni iná gbà wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá tàn funfun, láti okùn kẹta lọ á di pupa rúsúrúsú. Ìkejì, bí orin bá bẹ̀rẹ̀, iná àti orin jọ máa ń rìn, àmọ́ tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, iná ti jìnnà sí orin pátápátá. Ìkẹta, àwọn pixel ìbẹ̀rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú wúyẹ́wúyẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan pàṣẹ fún un. Wáyà mítà 6 ló ti inú ilé so ESP32 mọ́ pixel àkọ́kọ́. Ìkẹrin, bí iná bá lọ tí jẹ́nẹ́rétọ̀ sì gbà á, gbogbo ètò á dàrú. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

WáyàPupa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iná, torí bí èyí ò bá dúró, ìyókù ò lè dúró. Pupa tí ẹ rí yẹn, ebi fólítì ni. Iná pupa inú pixel ò ju bíi 2V tó fi ń tàn, àmọ́ búlúù àti àwọ̀ ewé ń fẹ́ bíi 3V. Bí fólítì bá ti ń rẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, búlúù ló máa kọ́kọ́ rọ, àwọ̀ ewé á tẹ̀ lé e, pupa nìkan ló máa kù. Okùn yẹn ò bàjẹ́, ẹ má gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á.

Ìṣirò rẹ̀: pixel kan tó bá tàn funfun tán lè fa tó 0.06A. Okùn kan á fa 3A, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fa 18A, ìyẹn 216W. Power supply 30A gbé ìyẹn dáadáa, torí èèyàn kì í gbé ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lé e lórí, 24A nìyẹn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so pixel kan mọ́ èkejì ni ò lè gba 18A. Á gbóná, á sì jẹ fólítì.

Ohun méjì ni ẹ máa ṣe. Àkọ́kọ́, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí 30%. Lálẹ́, 30% ti tó, ojú sì ń gbádùn rẹ̀ ju èyí tó ń fọ́ni lójú lọ. 18A á wá sílẹ̀ sí bíi 5.4A. Inú xLights tàbí inú WLED ni kí ẹ ti dín in, kì í ṣe méjèèjì: 30% nínú 30% á di 9%, ẹ ó wá máa rò pé iná ti kú.

Ìkejì, ẹ fa wáyà iná tuntun láti power supply lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ okùn kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún, kí ẹ tún fa ọ̀kan lọ sí òpin okùn kẹfà. Ìlà mẹ́rin nìyẹn. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní fíúsì 5A tirẹ̀ nítòsí power supply, kì í ṣe lọ́dọ̀ iná. Bí wáyà méjì bá fara kanra lókè òrùlé, fíúsì ló yẹ kó kú. Láìsí fíúsì, power supply 30A á máa ti iná lọ títí rọ́bà wáyà á fi yọ́.

Wáyà 1.5mm² ní bíi 0.012Ω lórí mítà kan. Bí ẹ bá fà á lọ sí mítà 10, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 20, ìyẹn 0.24Ω. Bí 5A bá gba inú rẹ̀, 1.2V ti ṣòfò sójú ọ̀nà. 2.5mm² á dín òfò yẹn kù sí bíi 0.75V. Nítorí náà, 2.5mm² fún ibi tó jìnnà, 1.5mm² fún ibi tí ò kọjá mítà 4. Ibi yòówù kí ẹ ti rà á, ìbáà jẹ́ Dùgbẹ̀ tàbí Ògùnpa, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ìṣirò tí mo ṣe lókè ò bá a mu, ó ń jẹ fólítì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ki power supply yẹn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì pupa kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 110 àti 220 sí. Kó wà lórí 220. Bí wọ́n bá ti fi sórí 110 láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, bí ẹ bá ṣe ń tan án báyìí ló máa dún gbàú. Ojú ibi tí 220V ń gbà wọlé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lára irú power supply bẹ́ẹ̀, nítorí náà inú àpótí onírọ́bà tó ní ihò atẹ́gùn ló yẹ kó wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó. Ẹ má ṣe fo wáyà ilẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ tan gbogbo rẹ̀ funfun, kí ẹ gbé mítà sí òpin okùn kọ̀ọ̀kan. 11V sókè dára. Ibi tó bá ti ń sún mọ́ 10V, ẹ fa ìlà míì lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá wá fi power supply kejì kún un lọ́jọ́ iwájú, ẹ gé wáyà 12V láàárín apá tàkọ́kọ́ àti apá tèkejì, kí ẹ fi GND (wáyà àbọ̀ iná) àti wáyà dátà (èyí tó ń gbé àṣẹ lọ bá pixel) nìkan sílẹ̀. Power supply méjì ò gbọdọ̀ jọ ti iná bọ 12V kan náà.

ÌlùÀtiIná

Ẹ kú iṣẹ́, Wáyà. Ní ti orin tó ń sá fún iná, ìbéèrè kan ló máa là á: ṣé ìyàtọ̀ náà dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àbí ó ń fẹ̀ sí i? Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí ẹ ṣàlàyé ń fẹ̀ sí i, nítorí náà orin fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ orin mp3 tí a ń gbà láti ọwọ́ ara wa ló jẹ́ èyí tí ìwọ̀n bit rẹ̀ (iye dátà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ń lọ sókè sódò. Ètò tó ń ka irú orin bẹ́ẹ̀ lè ṣi ibi tó dé gan-an kà, àṣìṣe náà á sì máa gorí ara wọn. Ẹ ṣí i nínú Audacity (ètò àtúnṣe ohùn), kí ẹ gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí mp3 ní Constant (ìwọ̀n tí kì í yí), 192 kbps, 44100 Hz. Èyí tí ẹ gbé jáde yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sequence (ètò bí iná ṣe máa tàn lórí orin). Èyí tí ẹ ti ṣe sórí orin àtijọ́, ẹ fi orin tuntun rọ́pò tirẹ̀, kí ẹ sì tún àwọn àmì rẹ̀ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tó ń fẹ̀ sí i ni kí orin máa jáde láti fóònù, kí iná sì máa jáde láti láptọ́ọ̀pù. Aago méjì nìyẹn, wọn ò lè bára dọ́gba. Ibi tí iná ti ń jáde náà ni orin gbọ́dọ̀ ti jáde.

Èyí tó dúró sójú kan, Bluetooth ló sábà máa ń fà á. Ó máa ń dá ohùn dúró fún ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ẹni tó ń wò, iná á ti tàn kí ìlù tó dún. Ẹ fi wáyà so sípíkà mọ́ ihò etí láptọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ parí.

Nínú WLED: ẹ yọ Wáìfáì kúrò nínú ipò oorun lójú ewé Wi-Fi, kí ẹ fún un ní àdírẹ́sì IP tí kì í yí padà, bíi 192.168.1.50. Nínú xLights, ní Controllers, ẹ yan DDP (ọ̀nà tí láptọ́ọ̀pù fi ń ránṣẹ́ sí ESP32) kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì yẹn síbẹ̀. Ẹ má lo E1.31 (ọ̀nà ìránṣẹ́ míì) ní multicast (ìránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà) lórí Wáìfáì. Ráútà kékeré ò lè gbé e, iná á máa fò. Bó bá jẹ́ E1.31 dandan ni, kó jẹ́ unicast (sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo), kí ẹ sì rántí pé pixel 170 ló wà nínú universe (ìdìpọ̀ dátà) kan. 300 yín nílò méjì. Bí ẹ bá rí i pé láti pixel 171 lọ ò tàn, universe kejì ni ò wọlé.

Pixel kọ̀ọ̀kan ń gba 30 µs kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, 300 á gba 9 ms. Nítorí náà kò sí ìṣòro fún ESP32 yín lórí 40 fps (àwòrán 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Lórí Wáìfáì, mo fara mọ́ 20 fps, ìyẹn 50 ms: dátà á dín kù ní ìlàjì, ojú ò sì ní mọ̀ ọ́n. Ráútà yẹn ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ má ṣe ra dátà torí rẹ̀. 2.4 GHz nìkan ni ESP32 ń gbọ́, ẹ má sì gbé e sínú àpótí irin.

Ìṣẹ́jú wúyẹ́wúyẹ́ àwọn pixel ìbẹ̀rẹ̀ yẹn: 3.3V ni ESP32 fi ń sọ̀rọ̀, etí pixel sì ń fẹ́ bíi 3.5V. Ní mítà kan ó lè gbọ́, ní mítà 6 ó ń méfò. Ẹ ra chip 74AHCT125 tàbí 74HCT245 (tó ń gbé dátà 3.3V sókè sí 5V), ẹ fún un ní 5V, kí dátà gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi rẹ̀sítọ̀ 33Ω sí ẹnu ibi tó ti ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ESP32 sún mọ́ òrùlé kí wáyà dátà má ju mítà 2 lọ. Kí GND ESP32 àti GND power supply wà pọ̀; bí wọn ò bá so pọ̀, kò sí chip tó lè gbà yín.

AráAkóbọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni. Orin náà ní ìwọ̀n bit tó ń yí lóòótọ́. Mo ti tún un gbé jáde, kò fẹ̀ mọ́. Mo fi ìlà iná mẹ́ta kún un, mo sì rí 11.4V ní òpin okùn kẹfà lórí 30%. Ọ̀rọ̀ ìlù ló kù: orin tí mo fẹ́ lò kún fún dùndún àti agogo, bí mo bá ní kí xLights fúnra rẹ̀ wá ibi tí ìlù wà, àmì á kàn bọ́ sí ibi tí kò yẹ.

ÌlùÀtiIná

Ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí la dé yìí. Bar and Beat Tracker tó wà nínú Vamp plugin (ètò àfikún tó ń wá ibi tí ìlù wà) ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí orin tí ìlù rẹ̀ ń lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Orin wa tó ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, tí agogo ń sọ tirẹ̀, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń sọ tirẹ̀, ó máa ń dà á lójú rú: níbì kan á ka méjì, níbòmíì á ka mẹ́ta. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣẹ̀dá timing track (ìlà àmì àkókò) tuntun nínú xLights, ẹ dín eré orin kù sí ìlàjì, ẹ máa tẹ lẹ́tà t bí agogo bá ti ń dún. Agogo ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé ìyáàlù, torí agogo kì í yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fa gbogbo àmì náà sẹ́yìn díẹ̀, torí ọwọ́ máa ń pẹ́ lẹ́yìn etí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe track mẹ́ta míì, ẹ pè wọ́n ní dò, re, mí. Dùndún ń sọ̀rọ̀, ohùn mẹ́ta ló sì fi ń sọ ọ́. Ẹ fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ lára ilé: fèrèsé méjèèjì fún dò, etí òrùlé gbọọrọ fún re, òrùlé ṣóńṣó fún mí. Bí ìyáàlù bá wá sọ gbólóhùn kan, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á rí ọ̀rọ̀ náà tó ń gun òrùlé tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àwòṣe tí ẹnikẹ́ni lè rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa fún yín ní èyí, torí ìlù tiwọn ò ní ohùn.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ní Layout (ojú ewé xLights tí a ti ń ya àwòrán ilé), ẹ gbé fọ́tò iwájú ilé sí ẹ̀yìn. Poly Line fún etí òrùlé, Poly Line méjì fún ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó, Window Frame fún fèrèsé. Kí ètò wọn tẹ̀ lé bí wáyà ṣe rìn lóòótọ́. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, torí bí ohùn bá yọ́ láti dò lọ sí mí, SingleStrand (iná tó ń sáré lórí okùn) lẹ máa lò, iná gbọ́dọ̀ sáré gun òkè. Bí ẹ bá yà á sódì, á máa sáré sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ohùn ń gòkè. Fún ìró kọ̀ọ̀kan, On (títàn lásán) tó ń ṣá fúnra rẹ̀ láàárín bíi 150 ms ti tó. Ẹ má gbàgbé Render All (kí xLights ṣírò gbogbo rẹ̀ tán) kí ẹ tó pa á.

Ẹ fi òkùnkùn sílẹ̀. Bí gbogbo ilé bá ń tàn ní gbogbo ìgbà, ojú ò ní mọ ibi tí ìlù wà. Agogo lè jẹ́ pixel mẹ́wàá péré ní igun kan, àwọ̀ wúrà, kó máa ṣẹ́jú níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí pupa bá ń jáde bí àwọ̀ ewé, ẹ yí color order (ètò àwọ̀) nínú WLED láti GRB sí RGB.

ẸnjiníàMọ́kọlá

Ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. 30% yín jẹ́ 5.4A, bíi 65W. Ẹ fi ráútà, ESP32 àti sípíkà kékeré kún un, ká pè é ní 90W. Bátìrì 12V 100Ah kan, bí a ò bá lò ju ìlàjì rẹ̀ lọ, ní 600Wh. Ó máa gbé e fún wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ìyẹn kọjá alẹ́ kan dáadáa, ẹ ò nílò jẹ́nẹ́rétọ̀. Àmọ́ ẹ má so pixel mọ́ bátìrì tààrà. Bí ṣájà bá ń rọ iná sí i, bátìrì lè dé 14.4V, pixel oní-12V á sì máa gbóná títí á fi kú. Ẹ fi DC-DC converter tó ń fúnni ní 12V gidi, tó lè gbé 10A, sáàárín, pẹ̀lú fíúsì 15A lórí bátìrì.

Bí ínfátà bá ti wà nínú ilé, ẹ so power supply mọ́ ojú ìlà tí ínfátà ń gbé. Bí ó bá ṣe pé jẹ́nẹ́rétọ̀ nìkan ló wà, ẹ wá UPS (bátìrì tó ń gbà á lójú ẹsẹ̀ bí iná bá lọ) kékeré fún ráútà àti ESP32. Ìdí ni pé ráútà máa ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó jí. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀, kò ní mọ̀ pé iná lọ. Ẹ fi xSchedule (ètò tó ń bá xLights rìn, tó ń fi sequence ṣeré) ṣeré rẹ̀, kí ẹ sì pa oorun láptọ́ọ̀pù. Ẹ fi preset (ètò iná tí a ti tò sílẹ̀) kan sínú WLED tó máa tàn bó bá jí, àwọ̀ wúrà kan lásán ní 20%, kí ilé má baà ṣókùnkùn títí dátà á fi dé.

Àwọn míì ń fẹ́ràn Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) pẹ̀lú FPP (ètò tó ń fi sequence ṣeré lórí rẹ̀), ó sì dára fún ẹni tí kò fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ níta. Pi 3 àti Pi 4 ní ihò etí, Pi 5 kò ní in, ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á. Bí iná bá ń já lójijì, SD card rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí iná bá sì padà dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí fólítì tó dúró, kí ẹ tó so power supply padà.

ÌyáÌbejì_Mọ́níyà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bọ̀dá, ṣé a lè lo iná 220V olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lójú títì, ká fi relay (súìtì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀) máa tan án ká máa pa á?

WáyàPupa

Ẹ kú ọjọ́, ìyá wa. A lè ṣe é, àmọ́ mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Àpótí kékeré tó ní oríṣi mẹ́jọ tó fi ń ṣẹ́jú lára iná yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oríṣi àkọ́kọ́ nígbàkígbà tí iná bá wọ inú rẹ̀, nítorí náà kò ní tẹ̀ lé orin àfi tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, 220V sì ni ẹ ń fọwọ́ kàn. Relay tó ń dún kẹ́kẹ́ náà, bíi ìgbà 100,000 ni wọ́n ṣe é fún lórí ẹrù tó kún. Bó bá ń tàn lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 7,200 nìyẹn ní wákàtí kan: wákàtí mẹ́rìnlá, ó ti ṣe tirẹ̀ tán. Èyí tí kò dún, solid state, ń jẹ́ kí iná díẹ̀ jò kọjá, gílóòbù LED á máa tàn bàìbàì nígbà tó yẹ kó kú.

Ohun tó rọrùn jù fún yín: okùn WS2811 kan, ESP32 kan, àti máíkì INMP441. Ẹ fi ẹ̀yà WLED tó ní audioreactive (èyí tó ń gbọ́ ohùn) sí i. VDD máíkì sí 3.3V, kì í ṣe 5V, GND àti L/R sí GND, SD sí pin 32 lára ESP32, WS sí pin 15, SCK sí pin 14. Á máa gbọ́ orin tó bá ń lọ, á máa jó. Kò ní mọ orin náà bí ẹni tó jókòó tò ó, àmọ́ kò sí láptọ́ọ̀pù, kò sí sequence.

AráAkóbọ̀

Ìbéèrè ìkẹyìn: kí ni kí n fi so ó? Wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí fẹ́ǹsì, mo rò pé mo lè ta èyí tó bá kù sí i lára. Wáyà iná tó ti òpó wọlé náà sì gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé ṣóńṣó kọjá.

WáyàPupa

Ẹ má ta á sára wáyà ẹlẹ́gùn-ún, á gé rọ́bà pixel bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá ń mì í. Táì onírọ́bà dúdú ni kí ẹ lò, torí oòrùn tètè ń fọ́ èyí tó funfun. Ara pákó etí òrùlé àti irin bọ́gílárì fèrèsé dára, kí orí pixel dojú kọ ìsàlẹ̀ kí ìrì má baà dúró sí ìdí rẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí ẹnu òpin okùn kẹfà. Eruku ọyẹ́ ò ní pa á, ẹ kàn fi aṣọ gbígbẹ nù ún lọ́sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ iná.

Ní ti wáyà tó ti òpó wá, ẹ má gbé àkàsọ̀ irin lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ fi mítà kan ó kéré tán sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti iná yín, bó bá tiẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó kan á kúrú ní pixel mẹ́wàá. Ẹ dín ẹ̀gbẹ́ kejì náà kù ní mẹ́wàá, á dọ́gba lójú.